Láísẹ́ǹsì Ìbọn Bàbá Dára

Aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú. Kò tíì fèsì.

Aago mẹ́sàn-án ku ogún ìṣẹ́jú nìyẹn lọ́dọ̀ tiẹ̀, ní Houston. Aago mẹ́sàn-án géérégé ni kíláàsì máa bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kó ti wà lójú ọ̀nà. Tó bá ń wakọ̀ lọ́wọ́, kò ní lè tẹ fóònù, ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì ló ṣì wà ńkọ́... tó kàn ń wo orúkọ mi lójú fóònù, tí kò gbé e... Rárá. Ọkọ mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá máa kọ̀, á sọ pé òun kọ̀. Ó sì ti kọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti kọ̀, èmi ni mi ò gbọ́.

Ọmọ tó jókòó níwájú mi yìí ò jókòó jẹ́ẹ́. Mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé ohun tí a fi ń wọn ẹsẹ̀, ó fà á yọ. Ìyá rẹ̀ ń wo fóònù tiẹ̀. Òun lè wo tiẹ̀. Tèmi wà nínú àpò aṣọ iṣẹ́, mo ti pa ohùn ẹ̀, mo ní kó máa gbọ̀n nìkan, itan ni mo fi ń gbọ́ ọ. A ò gbọdọ̀ yọ fóònù níwájú oníbàárà. Jésùfẹ́mi, súpáfáísọ̀ wa, ọmọ tí wọ́n bí sí Longbridge níbí, tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàlélógún, ti kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀. “Auntie Bùsọ́lá, please, not on the shop floor.” Ojú ń tì í bó ṣe ń sọ ọ́. Mo ní kó má bínú, máńéjà mi. Ó rẹ́rìn-ín.

Nọ́ńbà mọ́kànlá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀. Mo lọ mú bàtà ilé ẹ̀kọ́ dúdú, mo padà wá kúnlẹ̀.

Èmi ni mo fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún kíláàsì yẹn. Kí n má purọ́ fún ara mi. Mo jókòó sí yàrá wa ní Barking Riverside, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, mo ṣí kọ̀ǹpútà Dárasími, mo kọ orúkọ ọkọ mi, ọjọ́ ìbí rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀, gbogbo ẹ̀. Níbi tí wọ́n ti bi í bóyá ó ti mú ìbọn lọ́wọ́ rí, mo kọ rárá. Dárasími wá dúró sẹ́yìn mi. “Mummy, is that for a gun? For Daddy?” Mo ní kó lọ kàwé ẹ̀, ìdánwò ń bọ̀. Tí ìdánwò yẹn bá ti parí, èmi àti òun máa lọ bá bàbá ẹ̀. Físà ti jáde. A ti di àpótí méjì. Ohun kan ṣoṣo ló kù.

Ohun kan ṣoṣo. Ìbọn ìléwọ́ kan, àti ìwé tó ní kó lè máa gbé e káàkiri lábẹ́ aṣọ.

Ọláṣẹ́gun ló là mí lójú. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi ni, wọ́n jọ ń ṣe nọ́ọ̀sì ilé dé ilé lọ́hùn-ún. Wọ́n á gbé mọ́tò síwájú ilé tí wọn ò dé rí, wọ́n á máa wọ̀tún wòsì kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá aláìsàn. Wọ́n gba mọ́tò mọ́ Ọláṣẹ́gun lọ́wọ́ nílé epo, lọ́sàn-án gangan. Òun fúnra ẹ̀ ló pè mí. “Ìyàwó wa, ẹ bá a sọ̀rọ̀ o. Níbí yìí, ẹni tí ò ní, òun nìkan ni ò ní.” Ó ní òfin ibẹ̀ tiẹ̀ ti dẹ̀ báyìí, pé èèyàn lè máa gbé e láìní ìwé. Mo ní rárá o. Èmi tí ojú mi ti rí màbo lọ́dọ̀ Home Office tó ń fúnni níwèé ìgbélùú, mo mọ iṣẹ́ tí ìwé ń ṣe. Kó gbàwé. Kó jókòó sí kíláàsì, kó yìnbọn níṣojú wọn, kí wọ́n fún un ní káàdì tó ní fọ́tò ẹ̀. Kí n rí fọ́tò yẹn.

Kí ni mo fẹ́ fi fọ́tò yẹn ṣe?

Àbò ni mo ń wá. Ẹnikẹ́ni tó bá bi mí, ohun tí màá sọ nìyẹn. Ọmọbìnrin wa ń bọ̀ níbẹ̀, èmi ń bọ̀ níbẹ̀, ilé tó gbà wà níkangun àdúgbò... Àbò ni. Kí ló burú níbẹ̀?

Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ní àkọ́kọ́, ó fi ṣe ẹ̀fẹ̀. “Ní Barking níbẹ̀ yẹn, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń gún ara wọn. Ṣé o ra ọ̀bẹ fún mi?” Ẹ̀ẹ̀kejì, ó ní òun tí òun ń wọ sútánà, tí òun ń bọ́ bàtà kí òun tó wọ ilé Ọlọ́run, ibo ni kí òun fi ìbọn sí? Mo ní inú mọ́tò. Ẹ̀ẹ̀kẹta, kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́. Ó wá ní, “Olúbùsọ́lá, tí mo bá ti so nǹkan yẹn mọ́ ìbàdí, mo ti pinnu pé màá pa ẹnì kan nìyẹn. Ó kàn jẹ́ pé mi ò tíì mọ ẹni náà ni.” Orúkọ mi ló pè. Ìyá Dára ló máa ń pè mí.

Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni lánàá. Lánàá ni mo sọ ọ́.

Mi ò kúkú gbèrò láti sọ ọ́. Mo ń gbé oúnjẹ kaná, fóònù wà létí mi, ó tún ń sọ pé àdúrà, pé Ọlọ́run ló ń ṣọ́ni... mo ní, “Tí wọ́n bá tún ká wa mọ́lé ńkọ́? Ṣé wàá tún dọ̀bálẹ̀ fún wọn ni?”

Ẹyin lohùn. Ó ti bọ́. Ọdún mọ́kànlá, a ò sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn rí, òun ò sọ, èmi ò sọ, a kó o láti Ìkòròdú dé Lọ́ńdọ̀nù láìṣí i, mo wá fi ẹnu ara mi... Kò bínú. Ì bá bínú. Ó kàn ní, “Mo ti gbọ́. Ó dàárọ̀.” Ó gé fóònù. Láti ìgbà yẹn, mi ò gbúròó ẹ̀.

Ìyá ọmọ yìí ní bàtà náà ń fún un níwájú. Kò fún un. Mo tẹ orí bàtà, mo fi àyè àtàǹpàkò hàn án. Ó ní kí n mú èyí tó tóbi jù ú lọ wá. Mo mú un wá. Mo tún kúnlẹ̀.

Láti aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí ní Vicarage Field, níwájú ọmọ ọlọ́mọ, ọmọ ọdún márùn-ún, ọmọ ọdún méje. Kò dùn mí rí. Iṣẹ́ ni. Wọ́n ti kọ́ mi ní ìkúnlẹ̀ kí n tó mọ̀wé kà. Kí ló wá dé tí ti ọkọ mi fi ń dùn mí báyìí?

Nítorí pé ọkùnrin ni. Nítorí pé... àbúrò rẹ̀ tó kéré jù ju ọmọ tó mú ìbọn lọ́jọ́ yẹn lọ.

Ọjọ́ Ìsinmi ni, òjò ń rọ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, sútánà ṣì wà lọ́rùn ọkọ mi. Aago méjì ọ̀sán. Àwọn mẹ́ta ni. Méjì ń tú yàrá. Èyí tó mú ìbọn ló ń ṣe ọ̀gá wọn, rorẹ́ kún ojú ẹ̀. Ó di apá mi mú, ó ní kí n gbé ọmọ yẹn sílẹ̀, kí n bá òun wọlé. Dárasími ni, ọmọ ọdún mẹ́rin, ó rọ̀ mọ́ mi lọ́rùn. Ọkọ mi dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo wò ó. Mo ń retí pé... kó fò mọ́ ọn. Kó gbé àga. Ó kéré jù, kó pariwo.

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀. Gbalaja, pẹ̀lú aṣọ funfun, nínú omi òjò àti ẹrẹ̀ tí wọ́n fi bàtà kó wọlé. Ó na ara ẹ̀ tán, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, sà.”

Ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín. Wọ́n lọ.

Bí mo ṣe máa ń rí i nìyẹn. Ọkọ mi nílẹ̀, ẹ̀rín lẹ́nu ọmọ yẹn. Ìyá Raodah, aládùúgbò wa, rí gbogbo ẹ̀ láti ojú wíńdò òdìkejì. Ó wá kí mi lọ́jọ́ kejì, ó ní, “Ẹ dúpẹ́, Ìyá Dára. Ọkọ yín gbọ́n.” Gbọ́n. Èébú ni mo gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fọ sútánà yẹn. Ẹrẹ̀ ẹ̀ ti lọ ní àkọ́kọ́.

Itan mi gbọ̀n. Mo dìde, mo dọ́gbọ́n kọ ẹ̀yìn sí wọn. Kì í ṣe òun. Dárasími ni. “Mummy is there stew.” Stew wà. Ó wà nínú fíríìjì, níwájú ojú ẹ̀. Aago mẹ́ta ku méje.

Wọ́n lọ...

Kí ló dé tí wọ́n fi lọ?

Mi ò bi ara mi rí. Wọn ò tíì rí nǹkan gidi kó. Fóònù méjì. Jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n wà lára ògiri. Kò sí ọlọ́pàá, kò sẹ́ni tó pariwo, òjò ń dún lórí páànù. Àwọn mẹ́ta, pẹ̀lú ìbọn, wọ́n kàn lọ. Ọwọ́ ẹ̀ sì wà lápá mi. Nígbà wo ló kúrò? Mo ṣì mọ bí èékánná ẹ̀ ṣe rí lára mi, kí ló dé tí mi ò mọ ìgbà tó kúrò?

Fara balẹ̀, Olúbùsọ́lá. Rántí ẹ̀ bó ṣe rí. Àyà ọkọ mi kan ilẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ yẹn kúrò. Ó kúrò wéré, bí ìgbà tí èèyàn di ìkòkò gbígbóná mú. Ọmọ yẹn sún sẹ́yìn, ẹ̀yìn ẹ̀ gbá ilẹ̀kùn. Eyín ẹ̀ hàn. Mo rí eyín ẹ̀, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀rín nìyẹn? Ẹnu ẹ̀ ń gbọ̀n. Ó sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀, mo gbọ́ ọ, mo sì...

“Ẹ dìde, sà. Ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ṣé ẹ fẹ́ kó bá mi ni?”

Ohun tó sọ nìyẹn. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó kígbe sí àwọn méjì yòókù pé kí wọ́n jẹ́ káwọn lọ.

Olúwa mi. Ìyá mi àgbà sọ irú ẹ̀ fún wa, wọ́n sọ ọ́ fún òun náà, kò sí ilé Yorùbá tí wọn ò ti sọ ọ́: ọmọ tí àgbà bá dọ̀bálẹ̀ fún, kó sá. Kò ní í rẹ́yìn nǹkan ọ̀hún. Bàbá Dára mọ̀. Ó wo ojú ọmọ yẹn, ó rí i pé ẹnì kan tọ́ ọ kó tó bàjẹ́, ohun tí wọ́n fi tọ́ ọ ló sì gbé kò ó lójú. Kò sí nǹkan mìíràn lọ́wọ́ ẹ̀. Ká ní ó fò mọ́ ọn, ká ní ó gbé àga... èmi ì bá máa ṣe opó, tó bá jẹ́ pé mo wà rárá.

Ó dáa. Ṣùgbọ́n Houston ńkọ́? Ta ló máa mọ̀ ní Houston? Tó bá na ara ẹ̀ sílẹ̀ nílé epo, wọ́n á yìn ín níbọn lẹ́yìn, wọ́n á gbé mọ́tò lọ. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe irọ́, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé irọ́ ni. Bóyá ó tiẹ̀ yẹ kó ní in. Mi ò mọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ lánàá, ẹ̀rù kọ́ ló sọ ọ́. Mo fẹ́ kó dùn ún ni. Láti ọdún wo ni mo ti ń wá ọ̀nà àtisọ ọ́?

Wọ́n ra bàtà náà. Èyí àkọ́kọ́ ni wọ́n rà.

Itan mi gbọ̀n.

Òun ni. Mo wọ yàrá ẹ̀yìn níbi tí a ń kó páálí bàtà sí, mo ti ilẹ̀kùn. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú méjì.

“Mo ti dé iwájú ibẹ̀. Mi ò fẹ́ ẹ, o mọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òun ló máa jẹ́ kí o tún máa wò mí bí o ṣe ń wò mí tẹ́lẹ̀, màá gbà á. Ṣé kí n wọlé?”

Bí mo ṣe ń wò ó tẹ́lẹ̀.

Ó mọ̀. Mo rò pé mo fi pamọ́. Kó tó lọ sí Houston, mo ń se oúnjẹ ẹ̀, mo ń lọ aṣọ ìsìn ẹ̀, mo ń ṣe àmín sí àdúrà ẹ̀, ó sì ń rí i lójú mi láràárọ̀. Kò bi mí. Ó ń dúró pé ó máa lọ. Ní báyìí ó jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé ìyìnbọn, ohun tí kò fẹ́ láyé ẹ̀, ó ń tọrọ mi... Èmi ló dọ̀bálẹ̀ fún báyìí.

Jésùfẹ́mi ń pè mí níta. Auntie. Oníbàárà ti dé. Mo gbọ́.

Mo tẹ rárá. Mo pa á rẹ́. Rárá ò tó, á rò pé mo ń bínú. Mo tẹ jọ̀ọ́, mo pa ìyẹn náà rẹ́. Aago ti lù, ó ń retí mi. Ọmọ olè yẹn, pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, kò jẹ́ kó pé ìṣẹ́jú kan nílẹ̀. Èmi, ọdún mọ́kànlá ni mo ti fi í sílẹ̀ níbẹ̀.