Ohun Tí Ọládùnní Sọ ní Ilé-Kéwú

Ní Oko Ọba l'Ágége, níbi tí wọ́n ti ń pa màálù, tí ènìyàn bá béèrè Fàúsát oní-pọ̀nmọ́, ọmọdé gan-an á mú un débẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Obìnrin gíga ni, ohùn rẹ̀ sì le débi pé tó bá ń bá oníbàárà ná ọjà, àwọn alápatà tó wà ní ìpẹ̀kun ọjà ń gbọ́. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge ló ti ń sun awọ màálù, tó ń fá a, tó ń rẹ ẹ́ sómi, tó ń tà á.

Nígbà tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀, kò kà á sí. Ó ní èéfín ni, ṣebí gbogbo ẹni tó wà nídìí iná ló ń húkọ́. Ó mu àgbo, ó lá oyin, ó ra òògùn lọ́wọ́ kẹ́místì. Ikọ́ ò lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó tutọ́, ó rí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Shuaib, tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ààrò ní ilé búrẹ́dì kan, kò bá a jiyàn mọ́. Ó gbé e dé ọsibítù ní Ìkẹjà. Wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀, wọ́n gé díẹ̀ lára ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Dókítà Láídé, obìnrin kékeré kan tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ló pè wọ́n jókòó. Ó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró ni. Ó ti kọjá èyí tí wọ́n lè fi iṣẹ́ abẹ yọ, ṣùgbọ́n òògùn wà tó lè dá a dúró.

"Mi ò fa sìgá rí láyé mi," ni Fàúsát kọ́kọ́ sọ.

"Mo gbà yín gbọ́, mà. Ó ń ṣe àwọn tí ò fa sìgá náà. Mi ò lè nawọ́ sí ohun kan pé òun ló fà á."

Bí wọ́n ṣe ń padà sílé ni Fàúsát ti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́, pàápàá Ọládùnní, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Ọládùnní, ó wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn ní pírámárì. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ilé-kéwú Àáfà Abdulmumin ló máa ń wà, níbi tí wọ́n ti ń múra sílẹ̀ fún wòlímọ̀ rẹ̀, ayẹyẹ ìparí kéwú. Tó bá bi ìyá rẹ̀ pé kí ló ń ṣe wọ́n, ìyá á ní, "Ikọ́ lásán ni." Nígbà tí òògùn tó ń gbà mú kí irun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í re, Fàúsát kì í bọ́ hìjáàbù mọ́, kódà nínú yàrá.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Ọládùnní ti iléèwé dé, kò bọ́ aṣọ, kò béèrè oúnjẹ.

"Mọ́mì, ṣé ikọ́ fée lẹ ní?"

Fàúsát yíjú sí i. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Afeez ni. Ó ní ìyá òun ní kóun má jókòó tì mí mọ́, kóun má sì mu omi nílé wa."

Ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé pẹ̀lú Ìyá Afeez, yàrá wọn kọjú síra, àwọn ọmọ wọn sì jọ ń lọ iléèwé àti ilé-kéwú kan náà. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Shuaib ní kí wọ́n ṣì fi ọmọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Ọmọdé ni. Ẹ̀rù á bà á."

"Ẹ̀rù ti ń bà á, Bàbá Dùnní. Ohun tí ò mọ̀ yẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà á."

Nígbà tí wọ́n kírun Àsárì tán lọ́jọ́ kejì, Fàúsát pe ọmọ rẹ̀ sórí ẹní, ó sì bọ́ hìjáàbù rẹ̀. Ọládùnní wo orí tó dán. Fàúsát sọ ohun gbogbo fún un bí dókítà ṣe sọ ọ́, kò fi àbùlà kankan kún un. Ó pe orúkọ àìsàn náà, ó ní kó pè é tẹ̀lé òun.

"Ṣé ẹ máa kú ni?"

"Gbogbo wa la máa kú, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ lo bi mí." Ó fà á mọ́ra. "Mi ò mọ̀, Dùnní. Àwọn dókítà náà ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mò ń gba òògùn, mi ò sì ní purọ́ fún ẹ mọ́. Ohunkóhun tí wọ́n bá sọ, ẹnu mi lo ti máa gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu Afeez."

"Ṣé torí mo máa ń jẹ́ kẹ́ ẹ pariwo mọ́ mi ni?"

Fàúsát bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ikọ́, ọmọ ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. "Ká ní ariwo ló ń fà á ni, kò sí ìyá kan tí ì bá kù l'Ágége."

Ṣùgbọ́n kó tó jẹ́ kó dìde, ó ní, "A ò jalè, a ò ṣe ohun ìtìjú kankan. Ṣùgbọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Tí kì í bá ṣe ohun ìtìjú, kí ló dé?"

"Torí mo ní bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí Fàúsát tún fẹ́ lọ gba òògùn ní ọsibítù, ó mú Ọládùnní dání. Ọmọ náà bi Dókítà Láídé bóyá ó ń ràn, bóyá ó ń dunni, bóyá ìyá òun ṣì lè jẹ ata. Dókítà dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń dá àgbà lóhùn.

Wòlímọ̀ wá kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń ṣe é pọ̀, ọwọ́ ìparí ni wọ́n fi Ọládùnní sí, bẹ́ẹ̀ ni òògùn tí Fàúsát ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kì í jẹ́ kó lè jókòó pẹ́ nínú ooru. Ó sọ fún ọmọ pé òun á yọjú, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kóun má lè dúró dìgbà tó máa ké Kùránì tirẹ̀. Ọládùnní ní, "Ó dáa, mà," ó gbé wàláà rẹ̀, ó jáde.

Lọ́jọ́ kejì ni Àáfà Abdulmumin kanlẹ̀kùn, ó ní òun wá ṣàdúà fún aláìsàn. Ojú Fàúsát le koko.

"Dùnní! Kí ni mo sọ fún ẹ?"

Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Ẹ ní kí n má sọ."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo sọ." Omi ti lé ròrò lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo bẹ Àáfà pé kí n kọ́kọ́ ké, wọ́n sì bi mí kí ló dé. Tí mo bá ní orí ló ń fọ́ yín, irọ́ nìyẹn, ẹ sì ti ní a ò ní purọ́ mọ́. Mo ní jẹjẹrẹ ni, inú ẹ̀dọ̀fóró ló wà, ẹ ò fa sìgá rí, ẹ ń gba òògùn, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ mi kó tó rẹ̀ yín."

Àáfà ní, "Ìyá Dùnní, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Ojú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ti dìde sọ ọ́. Ọmọ kan ní òun gbọ́ pé ó ń ràn. Ó ní, 'Ta ló sọ fún ẹ? Dókítà ló sọ fún èmi.' Èmi alára ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kì í ràn."

Fàúsát wo ọmọ tó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ìbínú tó fẹ́ sọ jáde, kò rí i mọ́. Òun tí ohùn rẹ̀ ń gba gbogbo ọjà kan, ohun tóun ò lè sọ létí aládùúgbò kan, ọmọ òun ti dìde sọ ọ́ gbangba. Ó fà á dìde, ó dì mọ́ ọn. "Ọmọ mi nìyí," ló ń wí. "Àáfà, ọmọ tí mo bí nìyí."

Lọ́jọ́ wòlímọ̀, Ọládùnní ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ẹ̀gbẹ́ fáànù ni wọ́n gbé àga ìyá rẹ̀ sí, Shuaib dúró tì í. Kí ọmọ tó la ẹnu ni Ìyá Afeez rọra wọ abẹ́ kánópì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fàúsát.

"Ẹ foríjì mí, Ìyá Dùnní. Àìmọ̀ ni."

Fàúsát kó aṣọ rẹ̀ jọ, ó fàyè sílẹ̀. "Ẹ jókòó. Ọmọ mi fẹ́ ké."

Ọládùnní mú súrà Tàbáárákà, ó ń kà á lọ geere. Ohùn náà jáde ketekete, ó kọjá abẹ́ kánópì, ó dé títì, àwọn ọlọ́kadà tó ń kọjá ń yíjú wò. Àwọn obìnrin ń béèrè pé ọmọ ta nìyí, ohùn ta ló jọ. Fàúsát ò dúró kí ẹnikẹ́ni dáhùn fún òun. "Èmi ni mo bí i," ló ń sọ fún ẹni tó béèrè àti ẹni tí ò béèrè.

Nígbà tó parí, Shuaib nawọ́ sí ìyàwó rẹ̀ pé kí wọ́n máa lọ sinmi. Fàúsát mi orí. "Ẹ jẹ́ kí Afeez náà ké tán."

Fọ́tò tí wọ́n yà lẹ́yìn ìgbà yẹn fi hàn pé ohun tó wà láyà rẹ̀ ti súnkì. Kò tíì lọ o, Fàúsát ṣì ń gba òògùn. Kì í súnmọ́ iná mọ́, ẹlòmíì ló ń bá a sun awọ, òun ń jókòó tà á. Nígbà tí Ọládùnní wọ sẹ́kọ́ńdìrì, ìyá rẹ̀ ní dandan, òun lòun máa sìn ín débi tó ti máa wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Wọn ò rìn jìnnà tí èémí Fàúsát fi kúrú. Ọládùnní dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù bàtà kan, ó ń yẹ bàtà wò bí ẹni fẹ́ rà. Fàúsát mọ̀ pé kì í ṣe bàtà ló ń wò. Ó gbára lé ògiri, ó mí dáadáa, ó ń wo ọmọ rẹ̀ nínú aṣọ iléèwé tuntun tó gún régé, títí ara rẹ̀ fi balẹ̀.

"Ó yá, jẹ́ ká lọ," ló wí. Wọ́n sì jọ ń lọ.