Nọ́ńbà Tó Ń Yí Kiri

"Gbé báàgì yẹn kalẹ̀," ni Ìyá Olùkọ́ wí.

Àkọ́bí rẹ̀, tó jẹ́ bíríkìlà, kò gbé e kalẹ̀. Aṣọ ìyá rẹ̀ ló kún inú báàgì náà. Àwọn ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti fẹnu kò láìbi ìyá léèrè: oṣù méjì-méjì ni yóò máa lò lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì kó ayálégbé sílé rẹ̀. Ó gbàgbé ìkòkò sórí iná lọ́sẹ̀ tó kọjá títí ó fi jó. Ìyẹn ì bá ṣeé fojú fò, àmọ́ àbígbẹ̀yìn, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tún rí ohun tó wà lára ògiri ilé ìdáná.

"Màámi, ẹ wò ó." Omi ti lé ròrò lójú nọ́ọ̀sì. "Nọ́ńbà fóònù mi lẹ̀ ń wá, àbí? Ẹ kọ ọ́ títí, ẹ ò rántí bó ṣe tò, kò tiẹ̀ pé."

Ṣọ́ọ̀kì funfun ni ìyá fi kọ ọ́:

142857
285714
428571
571428
714285
857142

Ìyá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà inú bí i. Ó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò; àwọn tó fúnra rẹ̀ bí ló wá ń wò ó bí ẹni tórí ẹ̀ dà rú. Bíríkìlà tó ń mọ ògiri fún gbogbo ayé, kò lè ka ti ìyá rẹ̀!

"Fóònù wo? Ìwọ àkọ́bí, mú fóònù ẹ jáde. Sọ ìlà àkọ́kọ́ di ìlọ́po méjì."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó wo fóònù, ó wo ògiri. Ìlà kejì gan-an ni.

"Ìlọ́po mẹ́ta ńkọ́?"

Ìlà kẹta ló jáde. Ó ṣe é dé ìlọ́po mẹ́fà. Nọ́ńbà kan náà ni wọ́n, wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn tẹ́lẹ̀; ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nìkan ló ń yí padà.

"Ta ló sọnù nínú wọn?"

"Kò sí, Màámi."

"Ó dáa. Ṣe ìlọ́po méje."

Bíríkìlà tẹ̀ ẹ́. 999999.

"Ṣó o rí i? Gbogbo ẹ̀ ti di mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án. O ò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì mọ́. Tẹ́ ẹ bá yí mi délé ẹni kẹfà, tẹ́ ẹ tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mi ò ní í dá ara mi mọ̀ mọ́."

"Iná ńkọ́, Màámi?" ni nọ́ọ̀sì bi í.

"Ìkòkò ló jó, orí mi kọ́! Ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo. Èmi ni mo dúró. Ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni kẹ́ ẹ máa yí. Oṣù méjì-méjì, kẹ́ ẹ máa wá bá mi gbé, kẹ́ ẹ máa ṣọ́ iná."

Ìyá gba báàgì náà, ó da gbogbo aṣọ inú rẹ̀ sórí àga.

"Àkọ́bí, ìwọ lo wà nílà àkọ́kọ́. Bọ́ bàtà ẹ."

Bíríkìlà wo àbúrò rẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbójú sílẹ̀. Bíríkìlà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀.