Kẹ̀kẹ́ Ńlá àti Ínǹṣì Mẹ́rin

Lọ́jọ́ Ajé tí wọ́n kó kẹ̀kẹ́ tuntun fún àwa akólẹ́tà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣubú kí n tó pín lẹ́tà mi tán. Àkọ́kọ́, ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ wa ni, lójú gbogbo èèyàn. Ẹ̀ẹ̀kejì, iwájú ilé aránṣọ tó wà ní ìdajì òkè. Ẹ̀ẹ̀kẹta, kò sẹ́ni tó rí mi, òun ló sì dùn mí jù.

Ó pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń gbé lẹ́tà lọ fún àwọn tó ń gbé lórí òkè. Kẹ̀kẹ́ mi àtijọ́ ti gbó, ṣùgbọ́n ó mọ̀ mí. Àwọn tuntun yìí, irú èyí tí wọ́n fi ń gun ọ̀nà olókùúta ni. Taya wọn tóbi débi pé tí mo bá dúró tì wọ́n, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìbàdí mi. Tí mo bá jókòó sórí tèmi, orí ìka ẹsẹ̀ mi nìkan ló ń kan ilẹ̀. Tí mo bá sì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, irin àárín rẹ̀ á gbá mi níbi tí mi ò lè fi han èèyàn.

"Ṣókí!" Òpó ló ń pè mí. Òun ló ń pín lẹ́tà ní ìsàlẹ̀ òkè, ó sì ga bí orúkọ tí a sọ ọ́. "Ṣé kí n gbé àga wá fún ẹ, àbí àkàbà lo fẹ́?"

"Gbé orí ẹ wá, màá fi ṣe àpótí."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín, wọn kì í wo orúnkún rẹ̀.

Ọ̀gá wa, obìnrin tí kì í pariwo, ti lẹ ìwé mọ́ ara ògiri: ẹni tí kò bá lè gun kẹ̀kẹ́ tuntun dé ibi iṣẹ́ rẹ̀ láìsọ̀ kalẹ̀ kí oṣù tó parí, yàrá ìsàlẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣa lẹ́tà ni yóò lọ. Mo mọ yàrá náà. Oṣù mẹ́jọ ni mo lò níbẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò ní fèrèsé. Iná rẹ̀ máa ń kùn bí eṣinṣin, tí mo bá sì délé, màá ṣì máa gbọ́ ọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá mi fi aṣọ àti omi gbígbóná tẹ itan mi.

"Ta ló nà ẹ́ báyìí?"

"Kẹ̀kẹ́ ni, Màámi."

"Kẹ̀kẹ́ kì í na èèyàn." Ó fún aṣọ náà, ó tún tẹ̀ ẹ́. "Fi sílẹ̀ fún wọn."

"Kí n wá gba ibo lọ?"

Ó tún ti aṣọ náà bọ omi gbígbóná.

Mo gbìyànjú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo rẹ ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀ títí kò fi lè lọ sílẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ mi wá kan ilẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúnkún mi ń kan ikùn mi, itan mi sì ń jó bí iná. Iwájú ilé aránṣọ ni mo ti máa ń dúró. Obìnrin aránṣọ náà kì í wò mí mọ́. Ó ṣàánú mi.

Ni mo bá tọ Bàbá Sípáná lọ, bàbá arúgbó tó ń tún kẹ̀kẹ́ ilé-iṣẹ́ wa ṣe.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé taya ńlá ò dáa fún èèyàn kúkúrú."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ara mi ló sọ ọ́."

Ó nu ọwọ́, ó mú téèpù. "Bọ́ bàtà ẹ."

Mo fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. "Ṣé ẹ ò lè wọ̀n mí pẹ̀lú bàtà ni?"

"Bàtà ló fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ ni?"

Mo bọ́ ọ. Ó wọ̀n mí láti gìgísẹ̀ dé ìdí itan, ó wọ̀n mí dé orí. Lẹ́yìn náà, ó ka páálí kékeré tí wọ́n so mọ́ kẹ̀kẹ́ mi, níbi tí wọ́n kọ gíga olúkúlùkù sí.

"Páálí ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti ínǹṣì mẹ́ta ni ẹ́. Téèpù ní mẹ́rin àti mọ́kànlá. Ṣé ò ń súnkì ni?"

Mi ò rẹ́rìn-ín. Ó wo bàtà mi tó wà nílẹ̀, ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tó nípọn, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀.

"Taya ò ṣẹ̀ ẹ́. Òkúta tí taya kékeré á kọsẹ̀ lára ẹ̀, taya ńlá á gùn ún kọjá. Férémù, ìyẹn egungun kẹ̀kẹ́ náà, ni. Tí wọ́n bá rán ṣòkòtò Òpó fún ẹ, ṣé o máa ní òwú ni ò dáa? Férémù kékeré wà, taya kan náà ló ń lò. Irin àárín ẹ̀ rẹlẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ sì sún mọ́ni. Àmọ́ ohun tó o kọ sínú fọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ra tìẹ. Ọ̀gá yín ló lè pààrọ̀ ẹ̀."

Lọ́dún tí mo wá iṣẹ́ náà, wọn kì í gba ẹni tí gíga rẹ̀ bá dín ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti ínǹṣì méjì. Ìyá mi ni mo ka fọ́ọ̀mù náà fún. Ó ní, "Fi mẹ́rin kún un. Wọn ò ní gbé ọ̀pá wá." Mẹ́ta ì bá tó. Màámi ní kí n má ṣahun.

Bàtà mẹ́wàá ni mo ti wọ̀ láti ìgbà náà, gbogbo wọn ni ẹni tó ń ran bàtà bá mi fi àtẹ́lẹsẹ̀ kún. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi ò tilẹ̀ pé ogún. Wọ́n lè lé mi. Mo rò ó títí, mo sì rí i pé ẹni tí kò bá lè gun òkè, wọ́n ti lé e tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bọ́ bàtà níwájú tábìlì ọ̀gá.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ wò mí."

"Kí ni mo ń wò?"

"Ínǹṣì mẹ́rin tí kò sí níbẹ̀."

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ṣí dúrọ́ọ̀ kan, ó mú fọ́ọ̀mù tuntun kan jáde.

"Òfin gíga yẹn, wọ́n ti fagi lé e. Ó ń lọ sí ọdún mẹ́sàn-án."

"Mi ò gbọ́, mà."

"O ò béèrè." Ó na fọ́ọ̀mù sí mi. "Kọ òótọ́ síbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ á gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Màá sún ọjọ́ ẹ síwájú, ẹ̀ẹ̀kan péré."

Mo kọ ọ́. Nígbà tí mo jáde, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Inú mi ò dùn, inú mi ò bàjẹ́. Ọrùn ẹsẹ̀ òsì mi tó ti ń ro mí láti ọdún kẹta ni mo ń fọwọ́ pa.

Kẹ̀kẹ́ dé. Òpó yí i ká. "Ẹ wò ó, wọ́n ti gé e!"

"Ìwọ ló kàn," mo ní.

Mo wọ bàtà pẹlẹbẹ, mo gùn ún. Ó wúwo láti gbéra, ṣùgbọ́n tó bá ti gbéra, ó ń lọ. Níbi kọ́nà tó le, ìka ẹsẹ̀ mi fẹ́ gbá taya iwájú, bí Bàbá Sípáná ṣe kìlọ̀ fún mi. Mo mú kí pẹ́dàlì méjèèjì dọ́gba, mo yí i. Taya gun òkúta kọjá. Mo kọjá ilé aránṣọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ obìnrin náà dákẹ́ díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mi ò sọ̀ kalẹ̀ títí mo fi dé òkè.

Ìyá àgbà kan ló ni lẹ́tà àkọ́kọ́ lórí òkè. Ó ṣílẹ̀kùn, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ọmọ mi, ó jọ pé o kúrú lónìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Bí mo ṣe rí nìyẹn." Mo fún un ní lẹ́tà rẹ̀. Mo fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri. "Ẹ jẹ́ kí n jókòó níbí díẹ̀."