Ṣọ́ọ̀ṣì tó Léfòó lórí Odò Dọ́ọ̀nù

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó gbàgbé. Mo bá ara mi ní ìlú tí mo ti kàwé ní Rọ́ṣíà, èyí tí àwọn Kọ́sáàkì, jagunjagun ẹlẹ́ṣin ayé àtijọ́, tẹ̀ dó sétí odò Dọ́ọ̀nù. Odò ti kún wọ ìgboro. Ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ wúrà wọn léfòó, Kọ́sáàkì arúgbó kan sì ń fi okùn fà á látorí ẹṣin, bí ẹni ń fa ewúrẹ́. Màmá wa tó ti kú jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

“Ṣé o ò ní wọlé ni?”

“Màámi, mi ò mọ omi wẹ̀.”

Bàbá ẹlẹ́ṣin ní, “Gùn ún lẹ́yìn mi.” Ẹṣin ń rìn lórí omi. Mo nawọ́, mo di etí ìró Màámi mú, ó tutù.

“Káàbọ̀, ọkọ mi.”

Mo lanu láti dá wọn lóhùn, mo bá jí.