Ibi Tí Mo Ti Rí Wúrà Náà

Ọjọ́bọ̀ ni, ó kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù, mo sì ti rìn yí ihò tí Ragnhild ń gbẹ́ po nígbà mẹ́tàdínlógún. N kò dìídì kà á. Bí ọkàn mi kò bá ti balẹ̀, ẹsẹ̀ mi a máa kà fúnra rẹ̀.

"Torkild, jókòó," Ragnhild pariwo látinú ihò. "O ń da erùpẹ̀ sí mi lórí."

"Kò rẹ̀ mí."

"Ta ló bi ọ́ bóyá ó rẹ̀ ọ́? Mo ní kó o jókòó."

Mo jókòó. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí mo tún dìde.

Awalẹ̀pìtàn ni Ragnhild ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé agbègbè wa, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì, ẹnu rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ sì tutù lórí iṣẹ́. Èmi ní tèmi, ọkọ̀ tó ń kó wàrà ni mo fi ogójì ọdún wà kiri erékùṣù Lolland kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń gbé ẹ̀rọ tó ń ké bí irin bá wà nílẹ̀ kiri oko olóko, lẹ́yìn ìkórè. Àdéhùn tó wà láàárín àwa àti àwọn ará ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kò le rárá: àwa la ní ẹsẹ̀, àwọn ló ní ìmọ̀. A kì í gbẹ́ kọjá ibi tí ohun ìtúlẹ̀ ń tú dé. Ohun tá a bá rí, a ó fi fóònù sàmì sí ojú ibi tó ti jáde gan-an, a ó dì í sínú àpò kékeré, a ó gbé e fún Ragnhild. Òun ló máa ń sọ pé ohun àtijọ́ tí a kò bá mọ ibi tó ti jáde, pàǹtí ni.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, mo gbé wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan fún un, kò tó èékánná ọmọ ọwọ́, ó sì fúyẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Wọ́n tẹ àwòrán ọkùnrin kan àti obìnrin kan sí i lára, wọ́n dì mọ́ra. Ragnhild ní ó ti tó egbèje ọdún tí wọ́n ti ṣe é. Ó sunkún. N kò rí i kó sunkún rí, n kò sì tún rí i mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó gbé wúrà náà sínú àpótí gíláàsì ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ó kọ orúkọ mi sísàlẹ̀ rẹ̀: Torkild Brems ló rí i. Kí n má purọ́, mo máa ń lọ wo orúkọ náà. Ní ọjọ́ Àìkú, tí kò bá sí èrò.

Nítorí wúrà yìí ni Ragnhild ṣe fi ọdún méjì bẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní ọjọ́ márùn-ún péré láti gbẹ́ oko Inger Margrethe wò. Ibi tí irú rẹ̀ kan bá wà, òmíràn kì í jìnnà, ilé ìjọ́sìn àwọn ará àtijọ́ sì lè wà nísàlẹ̀. Ọjọ́ kẹrin rèé. Ohun tá a rí ni amọ̀, páìpù omi tó ti fọ́, àti bàtà irin ẹṣin kan.

Mo mọ ìdí rẹ̀. Oko Inger kọ́ ni wúrà náà ti jáde. Oko Laurids ni, lẹ́yìn ìlà igi wílò, bí ọ̀ọ́dúnrún ìṣísẹ̀ sí ibi tá a wà.

Laurids kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀rọ wọ oko rẹ̀ láti ìgbà tí ẹnì kan ti gbẹ́ ihò síbẹ̀ tí kò dí i, tí ẹṣin rẹ̀ sì kẹ́sẹ̀ bọ̀ ọ́, tí ẹsẹ̀ náà ṣẹ́. Ohun tí a kì í ṣe nìyẹn láàárín wa. Ẹni tí kò bá dí ihò, kò sí àgbẹ̀ tó máa jẹ́ kó wọ oko òun mọ́. Mo yọ́ wọ oko rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan nínú oṣù Kẹsàn-án, ẹ̀rọ mi ké, mo sì rí wúrà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé oko tí wọ́n ti lé mi ni mo ti rí i? Mo wọ oko Inger, níbi tí mo ti ní àyè, mo tẹ àmì síbẹ̀. Bí mo ṣe purọ́ nìyẹn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ẹ máa ní kí n kúkú dákẹ́. Èmi náà ì bá dákẹ́, àmọ́ wọ́n ti ri èèkàn tí wọ́n kùn ní ọ̀dà pupa mọ́ oko Laurids. Àgbá ńlá tí yóò máa da ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ sí ló fẹ́ kọ́ síbẹ̀, ọjọ́ Ajé ni katapílà ń bọ̀. Kí wọ́n tó gbẹ́ irú ihò bẹ́ẹ̀, ìwé á kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Ragnhild, òun á sì wo àmì tí àwa onírìn-kiri ti fi sórí àwòrán ilẹ̀. Ó wò ó. Kò rí nǹkan kan ní oko Laurids. Ó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa gbẹ́.

Nígbà tó gòkè wá jẹun, tó mú búrẹ́dì dúdú àti ẹja jáde, mo gbìyànjú láti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

"Ragnhild, o ò rò pé òdìkejì àwọn igi yẹn ló yẹ ká wò?"

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ilẹ̀ ibẹ̀ ga díẹ̀."

"Ilẹ̀ ga." Ó rẹ́rìn-ín, ẹja ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Kí n lọ bá Laurids, kí n ní Torkild ní ilẹ̀ ẹ ga, dá iṣẹ́ dúró? Fún mi ní àmì kan, ẹyọ kan, màá dá katapílà yẹn dúró lónìí olónìí. Òfin fún mi láyè. Òfin ò fún mi láyè láti fi àlá ẹ dá a dúró."

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Èmi ni mo ṣì í, ọ̀rẹ́ mi. Mo pariwo jù. Bí mo bá tún tọrọ ọjọ́ kan lọ́wọ́ wọn, wọn ò ní fún mi."

Adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ. Mo ní mo fẹ́ na ẹsẹ̀, mo sì gba ilé Laurids lọ.

Ohun tó wà lọ́kàn mi kò dára, n kò ní fi pamọ́. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó fún mi ní wákàtí méjì lórí oko náà. Bí mo bá rí ohun kan, màá tẹ àmì tuntun, katapílà á dúró, kò sì sẹ́ni tó máa mọ nǹkan kan nípa ti àkọ́kọ́.

Laurids ń fi omi fọ katakata rẹ̀ lágbàlá. Kò pa omi.

"Laurids, mo wá bẹ̀ ọ́. Jẹ́ kí n gbé ẹ̀rọ mi wọ oko ẹ kí ọjọ́ Ajé tó dé."

"Kí lò ń wá?"

"Bóyá nǹkan wà níbẹ̀."

"Bóyá." Ó wá pa omi. "Lọ́dún méjì sẹ́yìn, mo wà lórí àká, mò ń tún òrùlé ṣe. Mo rí bàbá àgbàlagbà kan lórí eékún láàárín oko mi. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo ní, ẹ gbà mí, ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Mo ti ń sáré sọ̀ kalẹ̀ láti wá gbà á, ni mo rí i tó dìde, tó ń jó."

"Èmi? N ò jó."

"O jó, Torkild. Bí ẹṣin tí eṣinṣin wọ̀ nímú."

Ojú tì mí débi pé n kò mọ ibi tí mo máa gbé ọwọ́ mi sí. "Kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀?"

"Mò ń retí kó o wá sọ ọ́. Ló di pé mo kà á nínú ìwé ìròyìn, oko Inger! Mo ní kò burú. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún..."

"Ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a."

"Ìwọ náà kúkú mọ̀ ọ́n." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò. "Ihò tí ẹṣin mi já sí ńkọ́?"

Mo wo bàtà rọ́bà mi. "Èmi ni."

"Mo mọ̀."

"Jẹ́ kí n rìn ín, Laurids, jọ̀ọ́. Nǹkan ńlá ló wà nísàlẹ̀ yẹn. Wọ́n máa ba gbogbo ẹ̀ jẹ́."

"Ìwọ kọ́ ló máa rìn ín. Lọ sọ fún ọmọbìnrin yẹn. Bó bá wá dá mi dúró, kó dá mi dúró. Mi ò ní jẹ́ kó o fi irọ́ kejì bo ti àkọ́kọ́ lórí ilẹ̀ bàbá mi."

Ọ̀nà tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, mo rìn ín fún odidi wákàtí kan. Ìgbà mẹ́ta ni mo yí padà sílé mi. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Ragnhild, ó ti ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú garawa.

"Wúrà yẹn kì í ṣe ti oko yìí," mo wí. N kò tiẹ̀ kí i.

Ó gbé garawa kalẹ̀. "Tún un sọ."

Mo tún un sọ, mo sì sọ ìyókù, títí kan ti ẹṣin.

"Àmì rẹ̀ dà? Ti òótọ́?"

"Mo pa fóònù nígbà tí mo wà lórí oko Laurids. Ṣùgbọ́n mo mọ ibẹ̀."

"O rántí ẹ ni. O ò mọ̀ ọ́n." Ó wo ìlà igi wílò. "Mo fọwọ́ sí ìwé yẹn, Torkild. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀."

Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn ká ní ó gbá mi létí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́jọ kò tíì lù tí àwọn ẹgbẹ́ wa mẹ́rìnlá ti tò sí etí oko Laurids pẹ̀lú ẹ̀rọ wọn. Ragnhild ló gba àyè lọ́wọ́ Laurids, òun ló pè wọ́n, ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn lójú mi. Mo fa ẹ̀rọ mi yọ nínú ọkọ̀. Ó na ìdì igi wẹ́wẹ́ tí a fi ń sàmì sí mi.

"Ìwọ máa gbé igi."

Mo gbé igi. Wọ́n tò lọ, wọ́n tò bọ̀, ibi tí ẹnì kan bá sì na ọwọ́ sókè, èmi á sáré lọ ri igi kan mọ́ ibẹ̀. Títí di ọ̀sán, ìṣó àti bọ́tìnì ni. Mo mú wọn lọ sí ibi tí mo lè fi ọrùn mi búra pé ibẹ̀ ni. Wọn kò rí ohunkóhun. Mo ń lọ, mo ń bọ̀, òógùn ń bọ́ lára mi nínú òtútù.

"Ẹnì kan so bàbá yìí mọ́lẹ̀!" Sidsel pariwo. Aṣerunlóge ni Sidsel, kò tíì pé oṣù mẹ́fà tó ra ẹ̀rọ.

Sidsel yìí náà ló ké ní aago mẹ́ta. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti jókòó sínú ẹrẹ̀, ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú, wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà níbẹ̀, ọkùnrin kan àti obìnrin kan dì mọ́ra. Kí ogún ìṣẹ́jú tó pé, wọ́n ti rí méjì sí i. Ọgọ́ta ìṣísẹ̀ ni ibẹ̀ fi jìnnà sí ibi tí mo búra lé lórí.

Ragnhild tẹ fóònù, ó sì dá iṣẹ́ katapílà dúró. Laurids ti jáde wá.

"Ẹlẹ́dẹ̀ mi ò gbọ́ èdè òfin o," ó wí. "Níbo ni kí n ní kí wọ́n máa yàgbẹ́ sí?"

Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín, ó ṣépè díẹ̀, ó sì wọlé lọ gbé kọfí wá fún wa. Wọ́n ń dì mọ́ra, wọ́n ń ya fọ́tò ọwọ́ Sidsel. Inú mi dùn, Ọlọ́run mọ̀ pé inú mi dùn, ìlara sì ń jẹ mí pa pọ̀ pẹ̀lú ayọ̀ náà. Igi mẹ́sàn-án ló ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, Ragnhild pè mí sídìí ọkọ̀ rẹ̀. Ó ti ṣí kọ̀ǹpútà. Àwòrán Lolland wà níbẹ̀, àmì aláwọ̀ búlúù sì kún un, irínwó ó lé méjìlá. Tèmi ni gbogbo rẹ̀.

"Èwo ló tún jẹ́ irọ́?"

"Kò sí. Ìyẹn nìkan ni."

"Mo gbà ọ́ gbọ́."

Mo mí kanlẹ̀. Kò tíì parí.

"Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àgbẹ̀ míì máa kọ̀wé sí mi. Ohun tí mo gbà gbọ́ kọ́ ni mo fi ń fọwọ́ sí ìwé."

Ó tẹ ohun kan. Àwọn àmì náà di eérú lẹ́ẹ̀kan náà, láti etíkun dé etíkun, a sì kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé: ibi kò dájú. Ọdún mọ́kànlá. Gbogbo òjò yẹn, gbogbo ìrora eékún yẹn.

"Ṣé kí n ṣì máa wá?" mo bi í.

"Máa wá. Bí ẹ̀rọ ẹ bá ké, má gbẹ́ ẹ. Pè mí ná."

Ní ọjọ́ Ajé, òun àti àwọn méjì mìíràn ti wà nínú ihò tuntun ní oko Laurids. Èmi wà ní òdìkejì igi, lórí oko Inger, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti retí ohunkóhun. Ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, ẹ̀rọ mi ké. Kí n tó mọ̀, mo ti kúnlẹ̀, ṣọ́bìrì mi ti wọlẹ̀ dé ìdajì. Mo fà á yọ. Mo pe Ragnhild.

Ó gba àárín igi wá, amọ̀ dé eékún rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó gé ilẹ̀, ó fi ìka fọ́ ògúlùtu erùpẹ̀ náà wẹ́wẹ́. Etí tí wọ́n fi ń ṣí agolo bíà ló bọ́ sílẹ̀.

Mo ti ń ronú bí mo ṣe máa tọrọ àforíjì. Ó mú àpò kékeré kan jáde, ó sọ ọ́ sínú rẹ̀, ó gbé fóònù rẹ̀ lé ojú ihò, ó sì dúró títí tí fóònù fi mọ ibi tí a wà. Lẹ́yìn náà ló kọ̀wé sára àpò náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Mo kà á lórí ìdúró. Nọ́ńbà kìíní. Torkild Brems. Etí agolo bíà. Ibi: ó dájú.