Ọgbọ̀n Mìlímítà ní Bẹyẹrunka

Ọ̀lẹ burú, ẹ jẹ́ n wí! Ogójì agolo làwọn ará yunifásítì gbé sí ogójì agboolé, láti Màpó títí dé Bẹẹrẹ, wọ́n fẹ́ mọ ibi tí òjò ń rọ̀ àti ibi tó ń fò. Sàláúdéènì ni wọ́n gbà pé kó máa wọn omi inú wọn láràárọ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì kà á fáwọn baálé létí ní Sátidé. Lọ́jọ́ Àlàmísì kan, ó rẹ̀ ẹ́, kò dé Bẹyẹrunka. Ó jókòó sílé, ó kọ ọgbọ̀n mìlímítà. Ó ṣáà gbọ́dọ̀ kọ nǹkan!

Ọ̀dá sì dá lọ́dún náà, ọdún 1983. Kànga Ọjà'ba ti gbẹ. Bó ṣe kà á fáwọn baálé ní Sátidé pé, "Ọjà'ba, òfo, Bẹyẹrunka, ọgbọ̀n," bẹ́ẹ̀ ni Àkíbù, alápatà ará Ọjà'ba, fò dìde.

"Ṣàngódèyí ni! Ó so òjò wa, ó ń rọ̀ ọ́ sẹ́yìnkùlé ara rẹ̀!"

Bàbá arúgbó kan ní Bẹyẹrunka ni Ṣàngódèyí, tó ti ń pe òjò látìgbà èwe rẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tẹ́nikẹ́ni ti bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ kẹ́yìn. Àwọn ará Ọjà'ba gbé kùmọ̀, wọ́n gbé àdá, wọ́n kọrí sí Bẹyẹrunka. Kò sẹ́ni tó wo ilẹ̀ ibẹ̀ bóyá ó tutù.

Kí Sàláúdéènì tó bá wọn, wọ́n ti wọ́ bàbá síta, wọ́n ti ṣẹ́ ẹ lápá. Ó fi ara rẹ̀ sáàárín wọn.

"Irọ́ ni mo pa! Mi ò débí lọ́jọ́ Àlàmísì! Òjò kankan ò rọ̀!"

Ẹnìkan gbá a lẹ́nu, eyín rẹ̀ kan jábọ́. Àmọ́ Àkíbù bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan erùpẹ̀. Ó gbẹ. Ó rọra sọ kùmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò mọ nǹkan kan," ni Sàláúdéènì wí.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́! Bàbá fi ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù gbé ara rẹ̀ dìde, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ àná, ìwọ lo fẹ́ sọ pé n ò lè pe òjò mọ́? Èmi Ṣàngódèyí ni mo pè é! Ọgbọ̀n kọ́, ọgọ́ta ni!"

"Bàbá, ẹ dákẹ́, nítorí Ọlọ́run!"

Àkíbù ti tún gbé kùmọ̀ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló là á mọ́ bàbá lórí.

Bàbá ò mí mọ́. Sàláúdéènì gbé orí rẹ̀ lé itan. "Irọ́ ni," ló ń wí ṣáá, "irọ́ ni mo pa." Wọ́n ti ń padà sí Ọjà'ba.