Ẹ Gbọ́dọ̀ Pé Méjì

“Má tíì pè wọ́n, Ojúọlá. Mo ní má tíì pè wọ́n!”

Orí ìkúnlẹ̀ ni Ojúọlá wà. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ bóyá nítorí Bàbá Ilésanmí tó nà gbalaja sílẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri ló ṣe kúnlẹ̀, àbí nítorí ojú Alàgbà Olúbáyọ̀ tó kún inú fóònù rẹ̀. Aṣọ funfun ni Alàgbà wọ̀, àmọ́ kì í ṣe sùtánà. Ṣẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ó sì dé akẹtẹ̀ tuntun. Àgọ́ ńlá kan wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ká aṣọ àgọ́ náà sókè bíi kọ́tìnnì, bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ta nẹ́ẹ̀tì bò sì hàn nínú rẹ̀. Pákó dídán ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ títí dé etí omi. Lẹ́yìn ìyẹn, omi àti koríko nìkan ló kù.

“Dádì, itan wọn ti wú. Wọ́n ń làágùn, ara wọn sì tutù.”

“Ṣé wọ́n ń sọ̀rọ̀?”

“Wọ́n ń sọ̀rọ̀, sà.”

“Kò burú nígbà yẹn. Fi irọ̀rí sí wọn lórí, kí o da nǹkan bò wọ́n. Mo ti ní kí Ọládiméjì máa bọ̀ láti Lewisham. Tó bá dé, kí ẹ jọ pè wọ́n. Tí àwọn áńbúláǹsì bá bá ìwọ nìkan níbẹ̀, káńsù máa gbọ́, wọ́n á sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Ẹ gbọ́dọ̀ pé méjì. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, sà.”

Àwòrán náà dúró gbagidi, ó sì kú.

Ẹni méjì ni káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ tó ń sanwó ìtọ́jú náà, ní kó máa wá gbé Bàbá Ilésanmí dìde lójoojúmọ́. Ara rẹ̀ wúwo, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò sì ṣiṣẹ́ mọ́ láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lù ú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Alàgbà àti ìyàwó rẹ̀ ń palẹ̀ mọ́ fún ìsinmi wọn, ó yọ Ọládiméjì kúrò níbẹ̀, ó fi í sí ibòmíràn. Ẹ̀yìn ìsìn ló sọ ọ́ fún Ojúọlá, nínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ tó ti di ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Old Kent Road, níbi tí gbogbo ìjọ ti ń pè é ní Dádì. “Ìwọ lágbára,” ló wí. “Áńgẹ́lì ni ẹnìkejì rẹ.” Àwọn tó dúró tì wọ́n rẹ́rìn-ín. Ojúọlá náà rẹ́rìn-ín. Ilé-iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tí Alàgbà ní ló gba físà tó gbé e dé Peckham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀. Tófúnmi, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ṣì wà ní Iléṣà, ó ń retí kí ìyá rẹ̀ wá mú un.

Ní ọ̀sán yìí, bó ṣe ń gbé Bàbá láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga, apá rẹ̀ kò ká a. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ṣubú. Òun nìkan ló dìde.

“Níbo ni Olúbáyọ̀ wà tó ń fi akẹtẹ̀ pàṣẹ?” Bàbá Ilésanmí béèrè.

“Bòtìswánà ni, sà. Nínú irà Okavango. Wọ́n lọ wo ẹranko.”

“Nínú irà?” Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu arúgbó náà, ó di ìkérora. “Inú irà ni wọ́n bí mi, ní Ìlàjẹ. Ọkọ̀ ojú omi tí bàbá mi fi ń pẹja ni wọ́n tà kí n lè jáde níbẹ̀. Olúbáyọ̀ wá sanwó lọ sùn nínú irà!” Ó mí kanlẹ̀. “Ojúọlá, pè wọ́n.”

“Ẹ dákun, sà. Ọládiméjì ti ń bọ̀.”

Ó pe Ọládiméjì.

“Àńtí, inú bọ́ọ̀sì ni mo wà. Old Kent Road ti dì pa. Kò sún rárá, I swear.”

Ó pe Alàgbà. Kò wọlé. Ó tún un pè. Ohùn Àńtí Tẹniọlá, ìyàwó Alàgbà, ló wọlé sórí WhatsApp: “Ojúọlá, Dádì ti wọ ọkọ̀ ojú omi o. Wọn kì í jẹ́ ká tan fóònù níbẹ̀, torí àwọn erin. Tí wọ́n bá dé, màá sọ fún wọn.” Àwòrán kan tẹ̀lé e: tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun lé, tí wọ́n gbé sínú omi tó mu èèyàn dé kókósẹ̀, gíláàsì wáìnì lórí rẹ̀, oòrùn pupa lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tó gbójú kúrò lára àwòrán náà, ètè Bàbá ti funfun.

“Bàbá?”

Ọwọ́ arúgbó náà ṣì di etí aṣọ Ojúọlá mú. Obìnrin náà rọra tú ọwọ́ náà.

Ìgbà náà ni Ojúọlá tó pe áńbúláǹsì.

Wọn kò pẹ́ rárá. Ohun tó kọ́kọ́ dùn ún nìyẹn, pé wọn kò pẹ́. Jordan, ọ̀dọ́kùnrin pupa kan, kúnlẹ̀, ó ń tẹ àyà Bàbá. Ẹnìkejì rẹ̀, ọmọbìnrin adúláwọ̀ tí wọ́n kọ Miracle sí lára aṣọ, mú páálí oògùn lórí tábìlì, ó kà á. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni. Ó wo itan Bàbá tí ẹ̀jẹ̀ ti kún inú rẹ̀, ó wo Jordan. Nígbà tó yá, Jordan ṣíwọ́.

“Ìgbà wo ni wọ́n ṣubú?” Miracle béèrè ní Gẹ̀ẹ́sì.

Kí Ojúọlá tó la ẹnu, fóònù dún. Ọwọ́ rẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ kó tó ronú.

“Ojúọlá! O ò tíì pè wọ́n, àbí?”

“Wọ́n ti wà níbí, sà.”

Alàgbà rí aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ewé lẹ́yìn èjìká rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó juwọ́. “Hello, hello!” Ẹ̀rín náà kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe ń bá ọ̀rọ̀ lọ ní Yorùbá. “Má bojú jẹ́. Sọ fún ọmọ Jàmáíkà yẹn pé bí bàbá yẹn ṣe ṣubú lo pè wọ́n. Ọládiméjì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Ẹ pé méjì. Bí o bá sọ nǹkan míràn, o mọ̀ pé ọwọ́ mi ni físà rẹ wà.”

Miracle bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó na ọwọ́. Ojúọlá gbé fóònù náà fún un.

“Ẹ káàsán, Uncle.” Ohùn Yorùbá rẹ̀ rí pẹlẹbẹ, bíi ti àwọn tí wọ́n bí síbí. “Ìjẹ̀bú ni Mummy mi. Bàbá yẹn ti kú. Ta ló ní kí wọ́n dúró?”

Erinmi kan bú ramúramù nínú omi lẹ́yìn Alàgbà. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ilẹ̀kùn ìta ṣí. Ẹsẹ̀ ń sáré bọ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ohùn Ọládiméjì sì ṣáájú rẹ̀ wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Àńtí, mo dé o! A ti pé méjì.”